Ibi Tó Ṣú ní Ìbàdí Bàbá Mi

Orí ọ̀pẹ ni bàbá mi ti já bọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹyìn lóko wa lẹ́yìn Lálúpọn. Eegun ẹ̀yìn wọn dá, okùn tó wà nínú rẹ̀ sì bàjẹ́. Láti ìdodo wọn lọ sísàlẹ̀, wọn kì í mọ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá mi ti kú, èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni nọ́ọ̀sì kọ́ ní ìtọ́jú wọn kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn n'Íbàdàn.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì máa ń tijú. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ń wò bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì. Máa wo ara wọn lójoojúmọ́. Nínú ìwé, wọ́n ní ibi tó fẹ́ di egbò á pọ́n, ṣùgbọ́n ara òyìnbó nìyẹn. Tiwa á ṣú, á gbóná, á sì le. Tẹ́lẹ̀, sípíríìtì làwa náà fi ń ra irú ibẹ̀. Wọ́n ti wádìí ẹ̀ báyìí, ríra yẹn ló ń ba ẹran abẹ́ ẹ̀ jẹ́. Má ra á, má jẹ́ kí nǹkan gbígbóná kàn án. Yí wọn kúrò lórí ẹ̀ ni."

Ọkùnrin kan wà ní ibùsùn kejì sí tiwa. Egbò ìdí rẹ̀ jìn débi pé mo rí eegun. Ojú mi ni wọ́n ṣe fi aṣọ bò ó mọ́rí. Nọ́ọ̀sì ní egbò ló pa á, kì í ṣe ẹ̀yìn tó dá.

A ò ní agogo nílé, rédíò ni mo fi ń mọ wákàtí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ibì kan tó ṣú ní ìbàdí bàbá mi, kò ju obì lọ. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, ó gbóná. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà, kò sí ọkọ̀ tá a máa wọ̀ padà sí ilé ìwòsàn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́ wọn, mo sì lọ pọnmi.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Màmá, ti wá láti Erúnmu. Àwọn ni wọ́n máa ń fi omi gbígbóná tẹ ìyálọ́mọ níbẹ̀. Aṣọ ìnura wọn wà lórí itan bàbá mi, ó ń rú èéfín.

"Omi yìí tutù," bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó o."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé." Wọ́n tún bu omi orí iná kún ti inú abọ́, wọ́n fún aṣọ náà, wọ́n kọjú sí ìbàdí.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Kí ló dé? O ò rí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ni? Ọmọ tí ò lè kí èèyàn kó dún ketekete, òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́."

Mo na apá mi lé ìbàdí bàbá mi, aṣọ náà sì bọ́ lé e. Mo ké. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá mi. Màmá wo apá mi, wọ́n wo itan àbúrò wọn. Iléròrò ti ń yọ níbẹ̀.

"Ṣé ó jó mi ni?" bàbá mi béèrè. Màmá bu omi tútù lé apá mi àti itan bàbá.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kólòlò sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Màmá da omi gbígbóná náà nù.

"Kí la máa wá ṣe?"

"Ká máa yí wọn padà, mà. Ká má fọwọ́ ra á."

"Ìyẹn náà ni?"

"Ìyẹn náà ni, mà."

Màmá kò padà sí Erúnmu lọ́jọ́ náà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, a ò jẹ́ kí bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ yẹn lélẹ̀. Mò ń ronú ọkùnrin tí wọ́n fi aṣọ bò, oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ibẹ̀ kò gbóná mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì le díẹ̀.

"Ó ti lọ?" bàbá mi béèrè.

Mo tún gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dáhùn.

"Ó ń lọ, bàbá."