Páìpù Inú Ògiri Bàbá Mi

Òórùn irin tó dípẹtà ló rán mi létí. Púlọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ páìpù àtijọ́ kúrò lára ògiri ilé wa ní Ìlá, ìpẹtà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò rẹ̀ pa.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, bí n kò bá ṣì í rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fọ jàlábíà funfun tí Bàbá mi máa wọ̀ lọ kí Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ lórí okùn, ó pọ́n bí ẹni ta epo sí i.

“Odò tí mo ní kí ẹ má lọ lo ti lọ fọ̀ ọ́,” ni Bàbá wí.

“Omi ẹ̀rọ ni, Bàbá. Òun ló pupa.”

“Omi tí mo fọwọ́ ara mi fà wọlé? Òpùrọ́! Kúnlẹ̀!”

Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré gbígbóná títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Àwọn àbúrò mi ń bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹja pọ̀ lódò?” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé odò ni mo lọ lóòótọ́.

Lónìí, púlọ́ńbà ní omi tó bá ń pọ́n láàárọ̀, tó sì ń mọ́ bó bá yá, páìpù rẹ̀ ti tó pààrọ̀. Ó ti tó pààrọ̀ láti ọjọ́ tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo fi ìbínú gbé irin náà lọ bá Bàbá.

“Bàbá, ẹ rántí jàlábíà yẹn?”

“Jàlábíà wo?”

Bí kì í bá ṣe irin tó wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ì bá pe ara mi ní òpùrọ́.