Ọjọ́ Tí Àwọn Kékeré Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ìgbà òtútù ọdún kejì tí mo dé Manchester ni mánígà wa pè mí wọ ọ́fíìsì, tó gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú mi. Fọ́tò ni. Èmi rèé lẹ́nu ọjà Ashton, láàárín àwa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú arúgbó, níbi tí a ti ń fẹ̀hónú hàn nítorí pé wọ́n ń gbé iṣẹ́ ẹni méjì fún ẹnì kan.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹran ni mo lọ rà, mà."

"Ṣé ẹran lo fi igi gbé sókè yẹn?"

Pátákó ni. Mánígà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Rántí pé ọwọ́ wa ni físà rẹ wà. Bí àwọn ọ̀gá mi bá dé, a ó pè ọ́."

Ilé iṣẹ́ yẹn ló dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá yọwọ́, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ yóò kó ẹrù wa kúrò ní Wythenshawe, a ó padà sí Ìlọrin, níbi tí a ti ta ohun gbogbo kí a tó gbéra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa rò pé akọni ni gbogbo ẹni tó bá gbé pátákó. Èmi kọ́. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, a yan iṣẹ́ lódì, wọ́n sì lé àwa kan síta. Ebi pa wá kí wọ́n tó gbà wá padà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Mo lọ bá yúníọ̀nù tó wà níbí. Wọ́n gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ dúró ná kí wọ́n tó lè bá a jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀. Mo fi káàdì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí mo ń ṣe ní Ìlọrin hàn wọ́n.

"Káàdì yìí kò lè kọjá bọ́dà," ni ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wí. "Àfi bí wọ́n bá tún àdéhùn yẹn ṣe."

Àdéhùn tó ń wí ni èyí tó so ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀. Àtúnṣe tí àwọn kan ń bèèrè ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ nílé jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbikíbi tó bá ṣí lọ, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kò fẹ́. Wọ́n ní ẹrù àlejò yóò wọ àwọn lọ́rùn. Manchester níbí ni ìpàdé náà ti fẹ́ wáyé, aṣojú orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n sì fi ṣe alága, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè ńlá tó fẹ́ kí ńlá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sórí àga yẹn.

Súkúrà, ọmọ Ìbàdàn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló fà mí lọ síbi ìpàdé náà. A dúró níwájú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó wá ti àtúnṣe náà lẹ́yìn, nínú òjò winniwinni. Mo fi ìbòmú bo imú, mo sì fa fìlà bo ojú, kí wọ́n má baà tún ya fọ́tò mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá jalè ni?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ìwọ ò tíì bímọ. Àti pé kí ni Benin tó kéré tó báyìí fẹ́ rí ṣe?"

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

Obìnrin àgbà kan tó fẹ́ wọlé dúró. "Ta ló ń pòwe ní èdè ìyá mi nínú òjò?"

Alága fúnra rẹ̀ ni, Màmá Ìdòwú, ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Benin. A kí i, ó kí wa kú òjò. Ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Mo ní ó kàn mí, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un.

"Wọlé wá jókòó sẹ́yìn. Bí mo bá pè ọ́, dáhùn."

Nínú ilé, aṣojú orílẹ̀-èdè ńlá kan ti fa gbohùngbohùn mọ́ra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Màmá Ìdòwú gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ forí jì mí. Nínú ìgbìmọ̀ ìlú mi, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọba ló ń gbẹ̀yìn. Bí ọba bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni yóò tún la ẹnu?"

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi tíì gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn kékeré rí."

Ẹ̀rín sọ. Ó ní kò sí ẹni tó kéré nínú ilé náà ju òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn lọ, ó sì pè mí. Mo ṣí imú.

"Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìlọrin náà lẹ ń wò yìí. Bàálù ló gbé mi wá, kò sọ mí di ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí mánígà mi ní ọwọ́ àwọn ni físà mi wà."

Mo jókòó. Àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké wá ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì fara mọ́ àtúnṣe náà. Nígbà tó fi máa kan àwọn ńlá, ilé ti gbóná mọ́ wọn lára. Síbẹ̀, wọn kò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ìbò lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó máa tẹ̀lé bí ọmọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ṣe pọ̀ tó, kì í ṣe ìbò kan fún orílẹ̀-èdè kan mọ́. Màmá Ìdòwú àti àwọn kéékèèké yòókù gbà, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

"Mà, ẹ fi ìbò yín sílẹ̀ nítorí wa?" mo bi í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ojú boro kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tiwa náà ń bọ̀ níbí. Lọ lo káàdì rẹ."

Nígbà tí àwọn ọ̀gá dé tí wọ́n sì pè mí, obìnrin kan láti yúníọ̀nù jókòó tì mí. Ó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ físà yẹn sọ lójú òun. Mánígà wo àwọn ọ̀gá rẹ̀, àwọn ọ̀gá wo tábìlì. Wọ́n ní kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn mi, físà mi dúró, kò sì sí ẹni tó máa fi halẹ̀ mọ́ mi mọ́.

A jèrè, mo sì ń sùn dáadáa. Ohun tó sọnù, Benin àti àwọn kéékèèké yòókù ló sọ ọ́ nù: wọn kò lágbára bíi tẹ́lẹ̀ mọ́ lórí owó àjọ náà. Gbèsè kan ṣì kù. Súkúrà ń dúró dè mí níta lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá pè mí. Ó dì mọ́ mi, ó yọ̀ fún mi tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun nígbà tóun dé ìlú yìí, òun kò ṣe ẹgbẹ́ kankan rí nílé, àdéhùn tuntun yẹn kò sì mọ òun.

Mo ní, "Bí wọ́n bá pè ọ́, èmi ni n ó jókòó tì ọ́."