Yàrá tí Ariwo Kì í Jáde

Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògiri náà. Mo ti gba yàrá ńlá kan ní Òkìtìpupa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igbotako, mo kó ẹ̀rọ tí mo fi ń gba orin sílẹ̀ sí i, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń wá. Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣe gààrí lẹ́yìnkùlé. Bí akọrin bá ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rọ yóò ké. Bí mo bá wá jókòó gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni yóò máa lé orin, àwọn akọrin á máa gbè é.

Obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bí gààrí bá ń jáde nínú agbada, ó máa ń bu tèmi ránṣẹ́ sí mi ní gbígbóná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pa ẹ̀rọ bí a bá ń kọrin. Ó wò mí, ó ní, “Bùrọ̀dá, bí ẹ̀rọ mi bá dákẹ́, kí ni kí n fún ọmọ mi jẹ?” Èmi náà rí i pé òtítọ́ ló sọ. Bí kò bá lè dákẹ́, ògiri mi ló gbọ́dọ̀ di.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ káfíńtà ní Akotogbo. A jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, a sì jọ jẹ ẹgba níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ fún un: ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti rí ọ̀nà gbà, ariwo náà yóò gba ibẹ̀. Ó bá mi wá sí yàrá náà, a fi bíríkì dí fèrèsé pátápátá. A kan pákó síwájú ògiri, a fi àlàfo sáàárín, a sì ki fóòmù tìmùtìmù àlòkù àti èèpo àgbọn gbígbẹ sínú àlàfo náà títí tí kò fi gbà mọ́. A ta rọ́ọ̀gì tó nípọn bo gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì la ṣe, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, a fi rọ́bà yí etí wọn ká. Níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń gé pákó, ayùn gé àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sára fóòmù tó wà nílẹ̀. Ó fi àkísà wé ọwọ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí a fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti jẹ́, ó dúró sínú, èmi dúró síta, ó sì ní òun yóò máa pariwo orúkọ mi. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a tí iṣan ọrùn rẹ̀ ti le gan-an, tó ń ké bí ẹni tí ilé ń wó lù. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ̀ rí wa. Wọ́n ti ń rí wa tẹ́lẹ̀, bí a ṣe ń kó tìmùtìmù wọlé tí a kò kó bẹ́ẹ̀dì, tí a ń dí fèrèsé nínú ooru bí èyí. Obìnrin ẹlẹ́rọ náà bi mí pé kí ni èèyàn fẹ́ máa ṣe nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó mi orí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọ rẹ̀ kò dé láti ilé ìwé.

Inú yàrá ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí a ń kan àjà, ilẹ̀kùn méjèèjì sì wà ní títì. Ìyá ọmọ ti sáré dé ilé ìwé, ó ti sáré padà, ó ti figbe ta, àdúgbò ti kún. Ẹnì kan ti sọ pé gbọ́mọgbọ́mọ ló gbé e, ẹlòmíràn ti bi wọ́n pé ta ló kọ́ yàrá tí igbe kì í jáde níbẹ̀. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wa, a kò gbọ́ ọ. Ooru ló mú kí n ṣílẹ̀kùn láti gba afẹ́fẹ́.

Ìyá ọmọ ló wà níwájú. Gèlè rẹ̀ ti jábọ́, omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ funfun sí ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó bi mí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bi mí pé agogo mélòó ló lù: “Ọmọ mi dà?”

Mo ní, “Ọmọ wo?”

Pákó kan bà mí lẹ́nu. Eyín mi fọ́, mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ mì. Kí n tó dìde, wọ́n ti wọ́ mi bọ́ sínú erùpẹ̀, wọ́n ń fi igi, fi òkúta, fi bàtà lù mí. Mo gbọ́ ìgbà tí eegun èjìká mi ṣẹ́, ó dún bí igi gbígbẹ. Àwọn kan ti wọ yàrá. Wọ́n fa rọ́ọ̀gì ya, wọ́n fi àdá la fóòmù, wọ́n ń wá ọmọ láàárín ògiri. Ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n rí lára fóòmù ilẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e jáde, ó nà án sókè kí gbogbo èrò lè rí i. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohunkóhun mọ́.

Wọ́n ti ọ̀rẹ́ mi padà sínú, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan bá a wọlé, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Èmi wà nílẹ̀ níta, ẹsẹ̀ ẹnì kan wà lọ́rùn mi. Wọ́n gbé táyà wá. Wọ́n da bẹntiróòlù sí mi lórí, ó wọ ojú mi, ó wọ ojú egbò ẹnu mi. Ìwọ̀n ìgbà tí mo bá lè la ojú, ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń wò. Ó pa rọ́rọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá wọ́n kàn ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan sì ṣílẹ̀kùn láti wá mú irin níta, igbe ọ̀rẹ́ mi tú jáde, irú igbe tí n kò gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà rí. Ilẹ̀kùn padé, igbe náà gé. Ọ̀nà tó wà láàárín wa kò ju kí èèyàn na ọwọ́ lọ.

Màmá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin kan ló gbà mí. Wọ́n fẹ́ wá dán orin wò lọ́sàn-án yẹn, òun ló kọ́kọ́ dé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò bá wọn jiyàn. Ó já èrò kọjá, ó wá dùbúlẹ̀ lé mi lórí nínú bẹntiróòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó mú igi dání lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń pè wọ́n ní kíláàsì. Ó pe ẹni tó mú ìṣáná náà.

Ó ní, “Ìwọ, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ. Ó yá, ṣá a.”

Ọmọkùnrin náà kò ṣá a. Kò sì sọ ọ́ nù. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀.

A ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà kan fọn fèrè láàárín èrò. Ìyá àgbà ọmọ náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ sì wà láàárín wọn. Igbotako ni ìyá àgbà ti wá sọ́jà, ó ti pàdé ọmọ lójú ọ̀nà ilé ìwé, ó mú un lọ sílé tirẹ̀ láti lọ jẹ púpurú, ó sì ti rán ẹnì kan pé kó sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹni yẹn kò jíṣẹ́. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wo gbogbo wa, ẹ̀rù bà á.

Mo rò pé ìyá rẹ̀ yóò sáré gbá a mọ́ra. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ẹsẹ̀ tó wà lọ́rùn mi kúrò, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìwo ara wọn. Màmá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó wà nínú kò tíì gbọ́ pé ọmọ ti dé, wọ́n ṣì ń lu ọ̀rẹ́ mi. Òòlù tirẹ̀ ni wọ́n ti fi fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka lẹ́yìn ìka. Ojú rẹ̀ kan ti lọ.

Ibùsùn wa kò jìnnà síra ní ọsibítù. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Mo pè ọ́.”

Mo mi orí pé n kò gbọ́.

Ó ní, “Mo mọ̀. Àwa la kan án.”

Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn kan, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn àgbà ìlú kó àwọn òbí wọn wá bẹ̀ wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù ló fà á, pé kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ kò lè dàrú. Obìnrin ẹlẹ́rọ náà kò bá wọn wá. Òun nìkan ló wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Wọ́n ti fi wáyà di àgbọ̀n mi tó ṣẹ́, n kò lè la ẹnu. Inú mi dùn pé wọ́n dì í, nítorí mo fẹ́ sọ pé mo dárí jì í, mo sì tún fẹ́ sọ ohun tí ìyá ọmọ kò yẹ kó gbọ́.

Mo padà sí yàrá náà. Màmá sọ pé bí mo bá kó lọ, wọ́n á ní òótọ́ ni. Mo fọ́ bíríkì ojú fèrèsé kúrò, mo fi gíláàsì méjì síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí gbogbo ohun tí à ń ṣe. Gíláàsì kì í dá ariwo dúró bí ògiri. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti rí akọrin tó ń wọlé, ó máa ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì jókòó ti ẹ̀gẹ́ wọn. N kò bẹ̀ ẹ́. A máa ń kí ara wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kò ṣe káfíńtà mọ́. Ó wà ní Akotogbo, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fún epo pupa, ó ń fi ọwọ́ òsì koná sábẹ́ àgbá. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. A jẹ iṣu sísè pẹ̀lú epo tuntun, a sọ̀rọ̀ àwọn tí a jọ ka ìwé, ó sì ń ṣàròyé pé igi ìdáná ti tutù jù. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé títì, ó dá ọ̀kadà dúró fún mi, ó sì kìlọ̀ fún ọlọ́kadà náà pé kó rọra sáré o, èjìká ń dun ọkùnrin yìí.