Omi Pupa Àbúrò Bàbá Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti rí igò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi ní Kàbà ni ọkàn mi kò ti fà sí i. Omi tó wà nínú rẹ̀ pupa bí ọsùn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń dáko ní Iyamoye, ló sè é. Pòròpóró ọkà bàbà ló fi sè é, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní karandafi, pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́.

Orúnkún ìyá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà òjò, ti apá òsì wú, kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Dókítà kọ oògùn ọlọ́jọ́ márùn-ún fún un, ó ní kó má lò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rà á. Ìyá mi ní inú òun kì í gba oògùn òyìnbó. Omi pupa ló gbà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń kúnlẹ̀. Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé ewé ọkọ òun ló wo òun sàn, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún obìnrin Mùsùlùmí tí kò sí níbẹ̀. Ọkọ tó ń wí ni àbúrò bàbá mi. Ará ilé ọkọ ni, ọkọ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lọ́kọ́ja. Mo mọ̀ pé èròjà kan wà lára ewé àti èèpo igi tí à ń pè ní fláfónọ́ìdì, pé irú rẹ̀ wà nínú àwọ̀ pupa pòròpóró, àti pé àwọn onímọ̀ ní ó lè pẹ̀rọ̀ sí ara wíwú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò àyẹ̀wò lè má ta pútú nínú orúnkún arúgbó. Kíákíá tó fi sàn yìí ti pọ̀ jù. Mo sì ti gbọ́ nípa àwọn alágbo tó ń lọ oògùn òyìnbó sínú àgbo. Mo ní, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí náà nìyẹn.

Mo rọ díẹ̀ sínú ife, mo gbé e sójú fèrèsé, mo ń wá ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Àìrí yẹn gan-an tún bí mi nínú. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, mo máa ń ra páálí oògùn ọlọ́jọ́ márùn-ún yẹn mìíràn wá, mo máa ń gbé e sórí tábìlì. Ìyá mi á ní òun kì í mu ún. Èmi á tún ra òmíràn.

Níkẹyìn, mo gba Iyamoye lọ.

“Okun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò bàbá mi fi kí mi.

“Okun, Àńtí. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń sè é ni.”

Ó wò mí títí. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbé ìkòkò kaná lójú mi, nígbà tó sì jinná, ó bu ife kan, ó mu ún gbẹ, ó da ojú ife náà dé ilẹ̀.

“Ọwọ́ mi ló sè é, ọ̀fun mi ló kọ́kọ́ gbé e mì. Ṣé ó tó?”

Mo ní ó tó. Irọ́ ni mo pa; ẹ̀yìn ààrò ni ojú mi wà, bóyá màá rí páálí oògùn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbé igò wá tó bá mi nílé, á kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu kó tó sọ̀rọ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá mi, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Mo gbé e dé ọsibítù, mo gbé igò náà dání. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Dókítà gbóòórùn igò náà, ó yíjú sí ìyá mi. “Màmá, kí ni ẹ tún ń lò?”

Ìyá mi ṣí àpò Bíbélì rẹ̀, ó mú àwọn páálí tó fi rọ́bà dì jáde, òfìfo ni gbogbo wọn. Àwọn tí mo rà ni. Kò ku ẹyọ kan nínú wọn. Dókítà ní àwọn ló dá ọgbẹ́ sí i nínú.

“Iye, ẹ sì ní ẹ kì í mu ún!” Igbe ni mo fi sọ ọ́.

“Mo ti jẹ́rìí,” ni ìyá mi wí. “Ọkọ mi ni. Ṣé kí n wá dójú tì í láàárín ìjọ ni?”

Bóyá pòròpóró náà ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún, bóyá kò ṣe nǹkan kan, n kò lè sọ títí dòní.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò bàbá mi dé tòun ti igò. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti bu tirẹ̀ mu lójú mi. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè gbójú sókè.

“Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?”

“Oògùn òyìnbó ni, Àńtí. Ó lò ó jù.”

“Ta ló ń rà á fún un?”

Mo lanu. Ìyá mi, tí mo rò pé ó ti sùn, ló dáhùn láìlajú. “Èmi ni, ọkọ mi. Èmi ni mo ń rán èèyàn.”

Àbúrò bàbá mi wò mí, ó na ife tó fi mu omi náà sí mi, ó ní kí n bá òun ṣan án. Mo gbà á, mo lọ ṣan án.