Bọ́ọ̀bù Wíwọ́ Tí Àlímátù Gé ní Wuse

Obìnrin kan wà ní ọjà Wuse tí kì í fọwọ́ kan irun láìkọ́kọ́ so okùn rọ̀. Àlímátù lorúkọ rẹ̀, ìyá Ummulkhulthum, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aya Saeed télọ̀. Bíríkìlà ni baba tó bí i. Nígbà tí baba náà kú, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi oko sílẹ̀; òwú funfun kan ló fi sílẹ̀, tí nọ́ọ̀tì irin kan so rọ̀ nídìí rẹ̀, èyí tó fi ń wò bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Baba a máa wí pé, "Bí okùn bá rọ̀, kò mọ ilé ọba, kò mọ ilé ìwọ̀fà. Ilẹ̀ nìkan ló ń wò." Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n lọ wa ọ̀kadà. Àlímátù gbọ́ ọ, ó gbé e lọ sórí irun.

Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti dé Àbújá. Karmo ló ń sùn, Wuse ló ń jí sí. Ó dirun, dirun, títí ìka rẹ̀ fi le bí orógbó. Nígbà tó wá di pé àwọn obìnrin ọ́fíìsì ní àwọn kò ráyè jókòó fún wákàtí mẹ́rin mọ́, tí wọ́n na irun wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n máa bá àwọn gé e, Àlímátù kọ́ bí a ti ń gé bọ́ọ̀bù.

Ẹ má rò pé bọ́ọ̀bù tí apá kan rẹ̀ ń gùn tí apá kan ń kúrú ni mo ń wí o. Èyí tí wọ́n ń gé ní ọgangan àgbọ̀n ni, tí etí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ yíká, bí etí ọṣẹ tí a fi wáyà gé. Irun náà kò níbi tí ènìyàn ń fi àṣìṣe pamọ́ sí. Ṣùkú a máa fi àléébù pamọ́ sínú kókó, wíìgì a máa fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àwọ̀n. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀bù yìí, bí fọ́nrán méjì bá yọ ọrùn, gbogbo ọjà ló máa bá a kí i. Nítorí náà, kí Àlímátù tó mú sísọ́ọ̀sì, á kọ́kọ́ so okùn baba rẹ̀ rọ̀ láti àárín orí oníbàárà, á wò ó bóyá ó gba orí imú kọjá. Bó bá gé e tán, á tún fi òwú náà wọn ìsàlẹ̀ etí ọ̀tún sí etí irun, á wọn ti òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹni náà kò tíì lè dìde.

Èyí ló mú kí ẹgbẹ́ onídìrí ọjà náà fi iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́, pé ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, Àlímátù ni kó fi okùn yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ipò náà kò fi kọ́bọ̀ kún àpò rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ gbé e lọ fún Ọlọ́wọ́-Títọ́," oúnjẹ ọjọ́ yẹn kì í nílò ẹran.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Fikáyọ̀ wọlé wá. Ọmọ Ẹ̀kìtì tí wọ́n bí sí Àbújá ni, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ti lè sọ ọ́ lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti ń jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù láti kọ̀wé nípa àwọn tí oòrùn ń pa. Ọ̀gá wọn, Màdáàmù Adéyẹmọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé pẹ̀lú bọ́ọ̀bù tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyè igbákejì ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Ènìyàn tó bá rí ọ̀rọ̀ méjèèjì tí kò rí ohun tó so wọ́n pọ̀, kò tíì ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí.

Fikáyọ̀ na fóònù sí Àlímátù, àwòrán màdáàmù ló wà níbẹ̀. "Ìyá Ummu, bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ o. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀."

Àlímátù sún mọ́ ọn. Irun ẹ̀gbẹ́ òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí wọ́."

"Kò wọ́, mà. Sítáì ni. Òkè òkun ni wọ́n ti gé e."

Àlímátù bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á gé e tọ́ fún un, bó bá sì wù ú, kó máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ti dé iwájú màdáàmù. Fikáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọ́fíìsì ló ti gbà pé irun náà dára, òun nìkan kò ní dá tọ́ láàárín wọn. Àlímátù ká okùn baba rẹ̀, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ kí ó má baà rí ohun tí òun fẹ́ ṣe, ó wá gé irun náà wọ́, bí ẹni ń jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, méje ni wọ́n ti dé, àwòrán kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Balkis wà lára wọn, ẹni tí híjáàbù rẹ̀ gùn dé ìbàdí. Àlímátù bi í pé ta ni yóò rí tirẹ̀. Ó ní màdáàmù a máa wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò pa òun àti rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Irun wíwọ́ méje kì í rìn nínú ọjà kan kó má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ràdíátù, tó ń ta irun àfikún ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀bù Àlímátù, tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ Ìlọrin ni, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì àti abẹ lọ. Ó sọ Àlímátù ní Ẹ̀gbẹ́-Kan-Ń-Lọ. Láàárọ̀, bó bá ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kí i tìfẹ́tìfẹ́, "Ìyá Ummu, ẹ kú àárọ̀ o. Ojú ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ríran díẹ̀díẹ̀?"

Kò mọ síbẹ̀. Ó ti ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé bí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ bá dé, ẹ̀bẹ̀ òun ni pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yíyẹ-ọwọ́-wò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, kí wọ́n má baà máa fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀ọ̀mù ìfọ́jú.

Ǹjẹ́ kí ló dé tí Àlímátù kò fi sọ pé àwọn ló ní kí òun gé e wọ́? Ẹ̀jẹ́ ni. Ọjọ́ tí onídìrí bá gba fírídọ̀ọ̀mù ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ẹgbẹ́ pé orí tí ọwọ́ òun bá ti kàn, ẹnu òun kò ní ròyìn rẹ̀. Ẹni tí èépá bò lórí, ẹni tó ń fi irun ẹlòmíràn bo pápá, gbogbo wọn ni wọ́n ní àṣírí nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí Àlímátù bá lanu gba orúkọ rẹ̀ là, ẹ̀jẹ́ ló dà. Bó bá dákẹ́, okùn baba rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó sọ fún Saeed nílé, ọkọ rẹ̀ ro ó títí, ó wá ní, "Èmi náà, bí oníbàárà bá ní kí n rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan, màá rán an. N kò kàn ní rán orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn ni."

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìpàdé ku ọjọ́ méjì péré. Ọkọ̀ ńlá kan dúró lẹ́nu ọjà, Màdáàmù Adéyẹmọ fúnra rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ó há fóònù sáàárín etí òsì àti èjìká, ọwọ́ kan gbé báàgì, ọwọ́ kejì kó ìwé, ó ń rìn, ó ń pàṣẹ. Ó jókòó sórí àga Àlímátù, fóònù náà kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní Fikáyọ̀ ló júwe ibẹ̀ fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́.

"Ìyá Ummu, ẹ bá mi wo irun yìí. Ó wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún un gé fún mi ní Maitama, bí mo bá sì délé, á tún wọ́. Gbogbo ọ́fíìsì ni mo bi, wọ́n ní ó dára. Fọ́tò ni kò bá mi purọ́."

Ẹ gbọ́ àṣà wa bó ti ń ṣe wá. A kọ́ ọmọdé pé kì í la ojú àgbà mọ́lẹ̀ sọ àléébù rẹ̀ fún un; ọmọdé wá dàgbà, ó gba iṣẹ́, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ náà wá ìgbéga. Ènìyàn mọ́kànlá tó wà ní ọ́fíìsì náà ló rí ẹ̀gbẹ́ òsì, mọ́kànlá ní, "Ó rẹwà, mà."

Àlímátù ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ òwú funfun jáde. Ó gba orí màdáàmù mú pẹ̀lẹ́, ó wọn ìsàlẹ̀ etí ọ̀tún sí etí irun. Ó wọn ti òsì. Méjèèjì dọ́gba. Ó tún un wọ̀n, nítorí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ látìgbà tí Ràdíátù ti ń béèrè àlàáfíà wọn. Wọ́n dọ́gba. Irun tí ẹni Maitama gé yìí tọ́ bí ògiri baba rẹ̀.

Ó wá jọ̀wọ́ orí náà, ó so okùn rọ̀ láti àárín. Okùn kọjú sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Imú màdáàmù kò bá a lọ. Orí ti tẹ̀ sí ọ̀nà èjìká òsì.

Ìgbà náà ló yé Àlímátù. Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti fi ń há fóònù sọ́rùn, ọrùn náà sì ti kọ́ ibi tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sí. Bí onídìrí bá fọwọ́ gbé orí rẹ̀ tọ́, á gé irun tó tọ́. Bó bá ti dìde lórí àga, orí á padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń sọ fún ẹni ńlá pé ọrùn rẹ̀ ló wọ́? Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀: kí ó gé ẹ̀gbẹ́ òsì kúrú, kí ọlọ́rùn wíwọ́ rí irun títọ́, kí màdáàmù lọ sọ fún gbogbo ìlú pé Àlímátù ló mọ irun gé. Sísọ́ọ̀sì tilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo nọ́ọ̀tì irin tó ń mì nídìí okùn títí tó fi dúró, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé fóònù yẹn dání." Ó gbà á. Ó fi ìka méjì ti orí rẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀. "Ẹ wo dígí báyìí. Kí n má parọ́ fún yín, n kò gé ẹyọ kan. Irun yín kò wọ́ rí. Ẹrù iṣẹ́ ló tẹ ọrùn yín."

Màdáàmù wo dígí. Ó jẹ́ kí orí lọ, irun wọ́. Ó gbé e padà, irun tọ́. Ó ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni màdáàmù yí padà lórí àga.

"Fikáyọ̀ àti àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé ọrùn gbogbo wọn náà ló wọ́?"

"Orí tí ọwọ́ mi bá ti kàn, màdáàmù, ẹnu mi kì í ròyìn rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ó dìde, ó gbé orí bí ẹni ru omi, kò sì há fóònù sọ́rùn títí ó fi dénú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì rí irun màdáàmù tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ráyè jẹun ọ̀sán. Kí aago mẹ́rin tó lù, Fikáyọ̀ àti àwọn mẹ́fà tó kù ti kún ṣọ́ọ̀bù Àlímátù, Balkis pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé kó bá àwọn tún un ṣe kó tó di ọ̀la.

Àlímátù jókòó, ó ká apá. Ó ní òun á gé e, òun á sì fi okùn wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tó so òun lẹ́nu kò so tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun tọ́, kó kọ́kọ́ rékọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kó kí Ràdíátù dáadáa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ní kí irun náà wọ́.

Fikáyọ̀ ní, "Ìyá Ummu, ẹ ṣàánú mi, ojú á tì mí."

"Tèmi ti tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi. Kò pa mí."

Ni àwọn ọmọ ọ́fíìsì bá tò síwájú Ràdíátù bí àwọn tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Ẹ̀kíní wí, ẹ̀kejì wí. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, Ràdíátù ní kai, ó tó, òun ti gbọ́. Àlímátù ké sí i láti òdìkejì pé ó ku mẹ́ta, kó gbọ́ tiwọn náà, torí akọ̀wé kì í gba àkọsílẹ̀ lágbede méjì. Nígbà tí ìpàdé dé ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láìmẹ́nu ba ọ̀rọ̀ okùn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ náà. Àlímátù ló wọn ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Màdáàmù ra wáyà kan tí wọ́n ń kì bọ etí òsì, kó lè máa sọ̀rọ̀ láìtẹ ọrùn. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Fikáyọ̀ tún wọlé, wáyà ń fì létí òsì tirẹ̀, kò sì sí fóònù kankan nídìí rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Ummu jọ̀wọ́ bá òun gé ẹ̀gbẹ́ òsì sókè díẹ̀, kí wáyà lè máa hàn.

Àlímátù na ìka sí ṣọ́ọ̀bù Ràdíátù.