Àsíá Kan Ṣoṣo

Ẹnu àbúrò bàbá mi mú ju abẹ lọ. Àwọn ni wọ́n ń gbé àsíá nídìí òpó nígbà tá à ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà ní Peckham. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó gíga méjì kọjá, àsíá méjì, máàkì mẹ́fà. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àsíá kan, máàkì kan. “Ẹ̀bùn ọ̀lẹ!” ni wọ́n á pariwo.

Nínú ìdíje tó parí sáà kan, máàkì méjì ló kù ká borí. Ọmọkùnrin àbúrò bàbá mi, tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ gbé àsíá kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀bùn ọ̀lẹ! Ìyá ẹ lo jọ.”

Lọ́dún yìí, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ náà wá. Wọ́n nawọ́ sí i; ó na ìka kan ṣoṣo sókè.

“Dádì, ẹ̀bùn ọ̀lẹ.”

Ó bá tirẹ̀ lọ.