Ààlè Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi, Tíṣà Àrẹ̀mú, mu tiwọn ní àmujù. Bí ìyàwó wọn bá gbá yàrá, wọ́n á yẹ pàǹtírí wò kó tó dà á nù. Gbogbo Ìlá ló mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà wọn bọ̀ ní 1982. Ìtàn agboolé wa ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, bí olóògbé Bàbá Àlàbí, àgbà tó gbẹ̀yìn nínú ìran wa, ṣe sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo ẹbí ló ń retí ìwé náà.

Ní 1989, orí ìkẹyìn nìkan ló kù, ni kọ̀ǹpútà bá ní òun ò gbà mọ́, òun ti kún. Torí pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n wá palẹ̀ inú rẹ̀ mọ́. Kí n tó jókòó, wọ́n ní kí n gbé báàgì mi síta. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo gbé e. Wọ́n wá fa àga síbi tí wọ́n á ti máa wo ìka mi.

Ìtàn kan ṣoṣo ni mo bá nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti dà á kọ láìmọye ìgbà, wọ́n fi orúkọ bíi “Owó Epo” àti “Iṣu Gbígbẹ” bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ká fi ọ̀kan sílẹ̀, ká pa ìyókù rẹ́. Mo ṣí méjì wò. Nínú ọ̀kan, etí odò ni baba ńlá wa tẹ̀dó sí. Nínú èkejì, orí òkè ni.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ààlè ni, bí èyí tí àgbẹ̀ ń fi akísà àti ewé so mọ́ igi ìdáná kí olè má baà fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fura sí, wọ́n á da ìtàn náà kọ, wọ́n á fi irọ́ kan sí i, kí irọ́ náà lè tú olè fó bó bá gbé ìtàn náà jáde. Orí Ògúndélé, ọmọ iléèwé wọn àtijọ́, ni ìfura náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ jókòó ti Bàbá Àlàbí nígbà tó ń sọ ìtàn náà. Ọjọ́ tó ní kí òun rí ibi tí iṣẹ́ dé ni wọ́n pè é lólè, tí wọ́n lé e jáde.

“Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Wọn ò sàmì sí i, kí olè má baà mọ èyí tó máa gbé. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ níwájú bàbá, wọ́n ti sun ún. Wọ́n ka ọ̀kan, wọ́n ka òmíràn, wọ́n wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo dà á rú. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí ìtàn gbogbo wa ló ń lọ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ mọ́tò lọ sí Ire, níbi tí Ògúndélé ti ń dáko. Ó dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà rẹ̀, ó bu omi fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́. Ògúndélé ronú títí. Ó ní bóyá etí odò ni, bóyá orí òkè. Ọjọ́ ti pẹ́.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ ní mo fẹ́ jí i. Ká ní mo jí i ni, à bá rí i lónìí.”